Ẹsẹ Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ní ilé wa, a kì í dá Bíbélì kà. Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyá àwọn ọmọ mi níyàwó, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí a sì ti kọ orin kan, a ó ṣí ibi tí a kà dé lánàá. Èmi a ka ẹsẹ kìn-ín-ní, òun a ka èkejì, èmi a ka ẹ̀kẹta, òun a ka ẹ̀kẹrin, títí orí náà yóò fi parí. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilé bàbá mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní ilé tirẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kọ́ ẹnì kejì. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, a fi wọ́n sí àárín, ẹsẹ ń yí kiri láti ẹnu dé ẹnu. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n sì tú ká, ó tún ku àwa méjèèjì, ẹsẹ tún padà di tèmi-tìrẹ.

Obìnrin náà kì í fi ẹsẹ tirẹ̀ ṣeré. Ó máa ń kà á sókè bí ẹni tí ó ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀, bí ó bá sì dé ìparí, yóò gbé ojú sókè wò mí. Èmi a ní, "Hùn-ún," láti inú ọ̀fun, kí ó lè mọ̀ pé mo gbọ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń kánjú lọ sí ọ́fíìsì, mo ka tèmi tán, mo sì kọjá sínú tirẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé.

"Ẹsẹ mi nìyẹn."

"Mo ń kánjú ni. A ní ìpàdé."

"Ẹ kánjú nínú tiyín. Ẹ jẹ́ kí n ka tèmi."

Mo dúró. Ó ka tirẹ̀, kò sì yára. Mo ní, "Hùn-ún." Mo pẹ́ dé ìpàdé.

Ó ti kú báyìí. Àìsàn tí ó mú un lọ kò pẹ́ lára rẹ̀. A gbé e lọ sí ìlú wa, a sin ín, mo sì padà sí Karu lẹ́bàá Abuja. Àwọn ènìyàn ń yìn mí. Wọ́n ní Bàbá mà gboyà, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi ni ó gbé mi ró, nítorí pé n kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. N kò sunkún lẹ́yìn wọn náà. Bí ènìyàn bá lọ yọ eyín, tí dókítà sì ti gún un lábẹ́rẹ́ sí èrìgì, yóò máa fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò. Ó mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ìka ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò dáhùn. Bí gbogbo ara mi ti rí nìyẹn. Mo ń jẹun, mo ń wẹ̀, mo ń dá àwọn tí ó kí mi lóhùn. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan láàárín ìlú, kó ẹrù rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi kí n má baà dá wà. Mo rí i pé ó dé. Mo kí i káàbọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ipò mi nínú ìjọ, kí ohun tí ó tẹ̀ lé e lè yé ẹni tí ó ń kà á. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò jìnnà sí títì ńlá tí ó lọ sí Keffi. Àwa tí ìjọba kó wá láti Èkó nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń ṣí wá sí Abuja ni a bẹ̀rẹ̀ ìsìn Yorùbá níbẹ̀, lábẹ́ ìbòòji tí a fi páànù àti igi kọ́. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ ìsinmi. Mo mọ bí a ti ń kà á. Mo mọ ibi tí ohùn ń gòkè àti ibi tí ó ń rọlẹ̀, n kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àyàfi bí mo bá rìnrìn-àjò.

Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo padà sí ìdí iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìsìnkú, mo gòkè lọ, mo ka ẹsẹ kìn-ín-ní, mo sì dákẹ́. N kò mọ̀ pé mo dákẹ́. Mo dúró níwájú gbogbo ìjọ, ọwọ́ mi lórí ìwé, ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹlòmíràn ní, "Jésù, ràn án lọ́wọ́." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ń dúró de ìyàwó mi kí ó ka èkejì. Kí n tó la ẹnu, àlùfáà wa ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ti gba ẹ̀kọ́ náà kà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni àlùfáà náà, àwọn àgbà nínú àwọn ọmọ mi jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá wa, ẹ ó sinmi díẹ̀ ná, sà."

"Ṣé mo sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí ni?"

"Rárá o, sà. Ìjọ ló ń káàánú yín."

"Ìjọ wo? Èyí tí a fi ọwọ́ wa kan páànù rẹ̀, kí ẹ tó mọ ọ̀nà ilé ìwé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ ní ààbọ̀, ó ní kí n má bínú. N kò tilẹ̀ lè bínú dáadáa. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bínú, mo sì sọ ohun tí ẹni tí ó bínú máa ń sọ. Ibi tí ó mọ nìyẹn.

Nílé, mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi nìkan. Ohun kan náà ni. Bí mo bá ti dé òpin ẹsẹ kan, ẹnu mi a pa dé, etí mi a ṣí. Mo gbìyànjú láti máa kà á lọ láìdúró bí ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn, kò ṣeé ṣe. Mo mú ti Gẹ̀ẹ́sì, tí a máa ń kà nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé. Ohùn ìyàwó mi wà nínú ìyẹn náà, pẹ̀lú bí ó ti máa ń pe ọ̀rọ̀ òyìnbó bí ẹni tí ń já ewébẹ̀.

Bí n bá dákẹ́ lẹ́nu kíkà fún ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ìsìn ìrántí ọdún kan ń bọ̀, mo sì ti sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà ìjọ pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà bí kò ṣe èmi. Mo ti yan ibi tí a ó kà pẹ̀lú: ìparí Ìhìnrere kẹrin, níbi tí Olúwa ti dúró létí òkun ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lẹ́yìn àjíǹde, tí ó dá iná èédú, tí ó sì yan ẹja de àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ibi tí ìyàwó mi fẹ́ràn tó ibẹ̀. Ó máa ń sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó ń wàásù nípa àwọn iṣẹ́ ìyanu, òun kò tíì rí ẹni tí ó wàásù nípa pé Olúwa dáná oúnjẹ àárọ̀. Bí a bá ń kà á, ẹsẹ tí wọ́n ti ka iye ẹja inú àwọ̀n a máa bọ́ sí ọwọ́ mi, inú rẹ̀ a sì dùn, ó ní iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba nìyẹn. Ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí Olúwa ti pè wọ́n wá jẹun, tirẹ̀ ni. Bí ó bá ti kà á tán báyìí, ẹ̀rín ni, kò sí ọjọ́ tí kì í wo ọ̀nà ilé ìdáná.

Àlùfáà gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ní, "Bí ẹ bá tún dákẹ́ ńkọ́, sà? Ní ọjọ́ ìrántí wọn?"

Mo ní, "N kò ní dákẹ́."

Bí mo ti ṣe bọ́ sínú èdè Gíríìkì nìyẹn. Mo rò ó bí mo ti máa ń ro ọ̀rọ̀ tí ó bá dé orí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Èdè tí ohùn ìyàwó mi bá wà nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí n kà á tán. Nítorí náà, kí n wá èdè tí kò kà rí. Gíríìkì sì ni wọ́n fi kọ Ìhìnrere náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé mo fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mo kọ́ Látìnì ní ilé ìwé gíga àwọn míṣọ́nnárì nígbà èwe mi, mo sì gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀. N kò rí ìdí tí èyí yóò fi borí mi.

Ní Garki ni mo ti rí ìwé náà, lọ́dọ̀ ará Haúsá kan tí ó ń pàtẹ àlòkù ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kí mi, "Sànnu, Baba." Mo ní, "Yauwa." Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì àti ìwé gírámà rẹ̀, okùn kan ni ó so wọ́n pọ̀, bóyá àlùfáà kan ni ó kú tàbí tí ó padà sí ìlú rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí i wò pẹ̀lú mi, ó ní òun ti ń rò pé ìwé ìṣirò ni. Kò jẹ̀bi. Àwọn lẹ́tà tí olùkọ́ ìṣirò máa ń kọ sójú pátákó ni wọ́n kún inú rẹ̀, alfa àti bẹ́tà àti pai, ṣùgbọ́n níbí wọ́n ti di ọ̀rọ̀.

Fàráńdà iwájú ilé ni mo ti ń kọ́ ọ, lẹ́yìn tí ọmọ mi bá ti lọ sí ibi iṣẹ́. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo ń gé e, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Mo rò pé yóò dùn mọ́ mi bí Látìnì ti dùn. Kò dùn, kò sì korò. Ó bá mi lára mu nítorí pé kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo pàdé ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan sunkún, mo wò ó bí a ti ń wo fáìlì: ta ni ó ṣe é, ìgbà wo ni, ṣé ó ti parí àbí ó ń lọ lọ́wọ́. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọjá. Nígbà tí mo dé ibi tí Olúwa ti ní kí wọ́n wá jẹun, mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ìwé gírámà, mo rí i pé oúnjẹ àárọ̀ gan-an ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè, kì í ṣe oúnjẹ kan ṣáá. Mo gbé ojú sókè láti sọ fún ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ìhìnrere kejì ni mo kọ́kọ́ fi dánra wò, nítorí pé gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan, "kai," tí ó dà bí "sì" ti àwa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí ó fẹ́ sọ. Mo ń kà á sókè ní fàráńdà ní àárọ̀ kan, kai níhìn-ín, kai lọ́hùn-ún, ni mẹ́gáàdì wa, tí ó jẹ́ Haúsá, bá sáré wá láti ẹnu géètì, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sọ ohun tí òun ṣe. "Kai" ni Haúsá fi ń jágbe mọ́ ènìyàn, ó sì rò pé òun ni mo ń bá wí láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó rojọ́ yìí fún. Ará ìhà Kàbbà ni ọ̀rẹ́ mi yìí, iléeṣẹ́ kan náà ni a ti fẹ̀yìntì, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni a sì ń lọ. Ó máa ń ti Zuba bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú ọsàn, yóò jókòó tì mí, yóò bó o, a ó jọ fà á mu. Lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà tí ẹ fi gbé ìlú yìí, 'sànnu' àti 'yauwa' ni gbogbo Haúsá yín. Ẹ wá fi í sílẹ̀, ẹ bọ́ sínú Gíríìkì!"

"Haúsá kò ṣòro tó fún mi."

"Kò ṣòro! Ẹ lọ fi ra ẹran ní Dei-Dei kí n rí i. Gíríìkì wo ni ẹ tilẹ̀ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní Karu?"

"Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ti kú."

Àwọn akọ̀wé Ìhìnrere ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ dúró lára ọsàn ọwọ́ rẹ̀, kò sì tún fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọdún náà ń kógbá sílé, mo ti lè ka ẹ̀kọ́ etí òkun náà láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí n kò tíì tú. Mo sọ fún àlùfáà pé ní Gíríìkì ni n ó kà á, kí ẹlòmíràn wá túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Bàbá, Gíríìkì kẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun gbà, bí ó bá ṣá ti jẹ́ pé n ó kà á tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní òun fẹ́ fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ kí òun lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà lókè òkun. Mo dìde dúró bí ẹni pé mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà ẹsẹ nínú ìwé náà, nítorí pé kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo kà á. Mo kà á dé òpin, ahọ́n mi kò kọsẹ̀, inú mi sì balẹ̀ pé ìṣòro mi ti yanjú.

Mo ní, "O rí i?"

Ó rọra sọ ọ́. "Dádì, ẹ fo àwọn kan."

"Mo fo kí ni?"

"Ẹ ka ìkíní, ẹ wá dákẹ́. Ìgbà tí ẹ tún máa sọ̀rọ̀, ẹ ti wà ní ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é dé ìsàlẹ̀."

"Ìwọ tí o kò mọ alfa."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà ni mo mọ̀."

"Fóònù rẹ ni ó bàjẹ́."

"Fóònù kọ́, Dádì. Ẹ gbọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi tí ó ka ẹsẹ kìn-ín-ní, ohùn àgbà, ó dára. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Mo gbọ́ tírélà tí ó ń gun òkè lórí títì Keffi. Mo gbọ́ rédíò mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn tó bí ẹsẹ kan ti ń gùn tó. Ní òpin rẹ̀, láti inú ọ̀fun mi, mo gbọ́ "Hùn-ún." Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ kẹta bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà dàgbà nínú ilé tí ó ti ń gbọ́ "hùn-ún" yẹn ní gbogbo àárọ̀. Kò bi mí léèrè ẹni tí mo ń dá lóhùn.

Mo ní, "Pa á."

Ó pa á. Mo gbé ìwé náà, mo wo ẹsẹ kejì. Mo mọ ìtúmọ̀ rẹ̀. Pẹ́ńsùlù mi wà ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wá rí i pé láti ọjọ́ tí mo ti ra ìwé yẹn, n kò tíì gbọ́ ẹsẹ yẹn rí lẹ́nu mi. Mo la ẹnu. Kò sí ẹkún níbẹ̀ tí ó dí mi lọ́nà, ì bá sàn bí ó bá jẹ́ ẹkún. Ẹnu mi kàn ń dúró ni, bí a ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tóóró kí ẹni tí ó wà níwájú kọ́kọ́ kọjá.

Ọmọ mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá Mọ́mì ka tiwọn."

"Ní Gíríìkì?"

"Ní Yorùbá. Kí ẹ̀yin náà ka Yorùbá."

"Yorùbá tìrẹ yẹn? Bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta gbígbóná."

"Mo mọ̀. Mọ́mì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa kà á tán, Dádì."

Mo sọ fún un pé ẹsẹ ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà bẹ́ẹ̀. Mo wọlé lọ. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ mọ́ tí ìsìn náà yóò fi dé, àlùfáà sì tún pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, òun ti bá ẹnì kan sọ ọ́ tí yóò kà á. Mo ní kí ó fún mi di ìrọ̀lẹ́.

Mo jókòó sí fàráńdà, n kò ṣí ìwé kankan. Bí ọmọ náà bá ka ẹsẹ ìyá rẹ̀, n ó ṣì máa dúró, nítorí pé etí mi yóò mọ̀ pé òun kọ́. Ẹsẹ tèmi ni ó ń gbé mi dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Bí ẹlòmíràn bá gba tèmi, tí èmi sì gba ti ìyàwó mi, kò ní ku ẹni tí mo ń dúró dè. Ìpààrọ̀ iṣẹ́ lásán ni, mo ti ṣe irú rẹ̀ púpọ̀ fún àwọn tí ó wà lábẹ́ mi ní ọ́fíìsì. Nígbà tí ọmọ mi dé, mo ní, "Tèmi ni kí o gbà. Èmi yóò ka ti ìyá rẹ." Ó lọ mú Bíbélì Yorùbá ìyá rẹ̀ wá láti yàrá. Mo pe àlùfáà, mo ní èmi àti ọmọ mi ni a ó jọ kà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a kọ orin kan, a sì jókòó síbi tí a máa ń jókòó sí. Ó ka ẹsẹ kìn-ín-ní, ohùn ọ̀rọ̀ ń ṣubú lé ara wọn. Ó kan èkejì. Mo wo ojú ìwé bóyá àtẹ́lẹwọ́ kan yóò wá bò ó. N kò rí àtẹ́lẹwọ́ kankan. Mo kà á, ó sì jáde bí ohùn àlejò tí ń béèrè ọ̀nà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ọmọ náà ní, "Hùn-ún." N kò rán an níṣẹ́ ìyẹn.

Ní ọjọ́ ìrántí, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ọ̀rẹ́ mi ará Kàbbà pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, Gíríìkì ńkọ́? Mo ti kó gbogbo ará Okun, àwọn èèyàn ìhà wa, wá pé kí wọ́n wá gbọ́ èdè."

"Ó wà nílé."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò rí aṣọ wọ̀ wá."

Àlùfáà wà nítòsí, mo rí i tí ó mí kanlẹ̀.

Àwa méjèèjì gòkè lọ. Ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé kan rẹ́rìn-ín sí bí ó ti ń pe ọ̀rọ̀, àwọn ìyá wọn gbá wọn lọ́wọ́, òun kò sì wò wọ́n. Mo ka èkejì. Ó ka ẹ̀kẹta. Mo ka ẹ̀kẹrin, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ tí Olúwa sì dúró létí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni a ń bá a lọ, títí ó fi kan ẹsẹ iye ẹja, tí ó jẹ́ tirẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà Yorùbá ni ó dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó já a sílẹ̀. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ìjọ bá pè é fún un lẹ́ẹ̀kan náà, tọkùnrin tobìnrin, bí ẹni tí ó bá ọmọ wọn gbé ẹrù kà á lórí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún un pè tẹ̀ lé wọn, ó sì parí ẹsẹ náà.

Ó wá kan èyí tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí Olúwa ti pè wọ́n wá jẹun. Mo dákẹ́.

Mo mọ̀ pé mo dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbọ́ fáànù tí ó ń yí lókè. Mo rí i tí àlùfáà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tí ó sì dá a dúró. Mo ń wo ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ilé ìdáná wà.

Ọmọ mi fi ìka sí abẹ́ nọ́ńbà ẹsẹ náà. Ó rọra sọ ọ́, kò sì yí ojú kúrò nínú ìwé.

"Tiyín ni, Dádì."

Mo kà á. N kò yára. Mo kà á sókè bí ẹni tí ó ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀, nítorí pé n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń ka ẹsẹ yẹn. Ọmọ mi ka èyí tí ó kàn. Èmi ni mo ka ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti máa ń parí. Mo gbé ojú sókè.

N kò sunkún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì wà bí ó ti wà. Nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí gbogbo ìjọ ń gbọ́, ọmọ náà ní, "Hùn-ún." A pa ìwé dé, a sọ̀kalẹ̀, a lọ jókòó.